Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gba Inú Alábahun

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́! Ẹ máa ya á lẹ́nu!"

Ìbídùn ló pariwo bẹ́ẹ̀ lábẹ́ tábìlì Mùráínà, ní Ọjà Mẹ́mọ́rì, nílùú Ìkirè. Abẹ́ tábìlì ni Mùráínà ti ń ṣiṣẹ́, torí ọjà tí kò tà ti gba gbogbo orí tábìlì. Ó há kọ̀ǹpútà ọmọ ọlọ́mọ sáàárín orúnkún bí ìyá tó fẹ́ rọ ọmọ lágbo, ó wá ń fi àtàǹpàkò ti ẹyọ mẹ́mọ́rì kan bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Á wọlé," Mùráínà ní. "Ojú ló ń tì í. Tó bá ti mojú ilé báyìí, ó parí."

"Bọ̀dá Mùráínà, kò bá a mu! Ẹ wo eyín ẹ̀. Ti Alábahun ò pọ̀ tó yẹn."

"A ó yọ èyí tó bá lé."

"Ẹ yọ tiyín ná, ká wo bó ṣe máa rí lẹ́nu yín."

Mùráínà bú sẹ́rìn-ín. Eyín iwájú ẹ̀ kan ti yọ tipẹ́, torí náà ẹ̀rín ọ̀hún ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ yìí ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó rí roboto, ó ní ìkarahun lẹ́yìn, ìyẹn ni gbogbo ayé fi ń pe irú ẹ̀ ní Alábahun. Nígbà kan, kò sílé tí kò ní i. Lóde òní, ẹni tó bá gbé e jáde nílùú Ìkirè, ṣe ni àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni rí ẹṣin.

Pẹ̀lú gbogbo ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ yìí náà, Alábahun la ẹnu, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Mùráínà. Ẹ kú wàhálà. Ilé ńkọ́?"

Mùráínà wòkè. Ojú àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọmọlúàbí rọ̀ mọ́ òrùlé ọjà bí ìkòkò kékeré tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń wo gbogbo èèyàn. Mùráínà yára dáhùn.

"Àlàáfíà ni, a dúpẹ́."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ìyàwó kejì ńkọ́?"

"Ta ló sọ fún ẹ?" Mùráínà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ó wà, ó wà! Rọra sọ̀rọ̀!"

"A dúpẹ́ o," Alábahun ní. Ó kó gbogbo ìdáhùn yẹn mì, ó tọ́jú ẹ̀ síkùn.

"Ṣé ìwọ náà rí i?" Mùráínà nu òógùn ojú ẹ̀, ó kọjú sí Ìbídùn. "Ibi tí àyè ẹ ń gbà lọ nìyẹn. Ìkíni ló kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Ìkíni tí ìyá ẹ kí ará àdúgbò, ìkíni tí ìwọ kí wọn, ìkíni tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ kí wọn. Ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìnáwó. Tó bá jẹ́ èèyàn ni, ì bá ti bì."

"Ṣé kí n wá ní kó má kíni ni? Ẹ ò gbọ́ nípa kẹ́tù Ìyá Sàkíná ni?"

Ta ni ò gbọ́? Kẹ́tù ọ̀hún se omi hó láàárọ̀ ọjọ́ kan láì kọ́kọ́ kí ìyálé ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn Ẹ̀ṣọ́ ti wá fi okùn mú un lọ. Àhámọ́ ló wà títí dòní. Ìyá Sàkíná máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní Jímọ̀ Jímọ̀, á bá a gbé omi díẹ̀ dání. Òfin ò mọ ojú ẹnikẹ́ni: ẹ̀rọ tí kò bá kíni kì í ṣẹ̀rọ ọmọlúàbí, ìkíni tí ẹ̀rọ bá sì ti gbà, wọ́n á lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, a ò gbọdọ̀ pa á rẹ́.

Bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí, kí ló kan Ìbídùn pẹ̀lú ọjà Mùráínà? Bó ṣe ń wọ aṣọ iṣẹ́ kó lè lọ fọ òrùlé olórùlé, ni Alábahun sọ pé:

"Ẹ kú ojú lọ́nà o. Ọ̀rọ̀ kan dé fún yín láti Òṣùpá. Ó tóbi, kò gba inú mi. Tí òṣùpá bá yọ nírọ̀lẹ́ òní tí ẹ ò tíì wá àyè, wọ́n á dá a padà."

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Ìbídùn tíì kì bọ ṣòkòtò nígbà yẹn. Bó ṣe ń tọ sáré wá sọ́jà nìyẹn, Ọlọ́run ló ní kó rántí ẹsẹ̀ kejì.

Òṣùpá ni ìyá ẹ̀ wà. Nígbà tí Ìbídùn ò tíì ga ju ààrò lọ ni àwọn tó ń wa yìnyín lókè lọ́hùn-ún yà sí Ìkirè, wọ́n jẹ dòdò ìyá ẹ̀, wọ́n lá ìka, wọ́n ní lóòótọ́ àwọn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí dòdò yìí. Wọ́n gbé ìyá lọ, tòun ti agbada tó fi ń dín in. Ó ní òun ò ní pẹ́. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ò mọ́ rí kí Ìbídùn má kúnlẹ̀ síwájú Alábahun, kó ní, "Ẹ káàárọ̀, màámi," kó fi ìròyìn díẹ̀ sí i, kó rán an sókè. Ìdáhùn kan ò wá rí. Ó ti kúnlẹ̀ títí ibẹ̀ fi dà bí ibi tí adìyẹ ń yé sí.

"Ẹ fi tuntun hàn mí," ó ní.

Mùráínà tọwọ́ bọ inú fìlà, ó yọ ẹyọ kan tó ń dán bí eyín ìyàwó tuntun. "Èyí á gba gbogbo Ìkirè, pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ wọn."

"Kí lẹ máa gbà?"

"Oòrùn tí òrùlé mọ́ṣáláṣí ńlá bá gbà lódindi ẹ̀ẹ̀rùn."

Ìbídùn wo ìgò oòrùn tó so mọ́ etí aṣọ. Òun ni wọ́n san fún un nídìí òrùlé tó ń fọ̀. Ó ń tàn yẹ́ẹ́ láti inú aṣọ, bí iná kòkòrò.

"Ìyẹn ò lè se ẹyin jinná," Mùráínà ní.

"Ẹ bá mi dín in kù, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n dín in kù títí, kí n fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kò ṣáà ní wọlé! Kọ̀ǹpútà ńlá ló wà fún. Àlòkù tí mo ń tì bọ̀ ọ́ yìí ló sún mọ́ ọn jù, ilẹ̀kùn olóyè kan ni wọ́n ti yọ ọ́, ìwọ náà sì rí eyín ẹ̀." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. Nǹkan kan wà nínú Alábahun ẹ tí wọn ò lẹ òǹtẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan báyìí. Ó tóbi. Tá a bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ Òṣùpá á wọlé wẹ́rẹ́."

Ìbídùn mọ ohun tó ń sọ kó tó tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ Mùráínà ti tẹ̀ ẹ́.

Òróró kọ́kọ́ ta ṣàràràrà. Àkùkọ kọ. Ẹnì kan fa ìjókòó. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan, tí oorun ò tíì kúrò lọ́fun ẹ̀ dáadáa, ní: "Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró, o jí're bí? Dìde o, wá bá mi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wo bó ṣe dijú mọ́rí, o rò pé mi ò mọ̀ pé o ti jí?" Lẹ́yìn náà, òróró nìkan. Òróró tó ń hó fún ìgbà pípẹ́, torí ìyá gbàgbé láti pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn.

Gbogbo ohun tó kù fún Ìbídùn nípa ìyá ẹ̀ nìyẹn, ìyá tó ń fi oríkì pè é ní Àwẹ̀ró. Ó mọ ibi tí àkùkọ ti máa kọ. Ó mọ ibi tí ìyá ẹ̀ ti máa húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní sọ nǹkan kan.

"Tó bá ti lọ, kò ní padà mọ́?" ó bi í.

"Ṣé ẹni tó lọ Òṣùpá ń padà ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn já bọ́ lẹ́nu Mùráínà, ó fẹ́ fi ọwọ́ gbá a mú padà. "Má bínú. Kò ní padà."

"Tó bá wá jẹ́ pé ìpolówó lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ ńkọ́? Níjọ́sí, gbogbo àdúgbò ló gba ọ̀rọ̀ láti Òṣùpá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní kò ní ẹ̀fọn."

"Ó ṣeé ṣe." Mùráínà fi ìka sórí ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́. "Ṣùgbọ́n ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá ẹ. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ o."

Lóòótọ́, láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lábẹ́ tábìlì yìí, wọ́n ti kí ìrun àsárì. Òjìji àwọn tábìlì ti gùn kọjá títì. Ìbídùn wo ìka Mùráínà, ó rò ó pé òun á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ṣí ẹnu. Ohun tó jáde ni:

"Ẹ fún mi ní kọ̀ǹpútà mi."

"Ṣó o gbọ́ ohun tí mo..."

"Ẹ fún mi!" Ó já a gbà, ó fi orí gbá abẹ́ tábìlì, ó fà á mọ́ àyà. Omi ń dà lójú ẹ̀, ṣé torí orí tó gbá ni àbí torí nǹkan míì, Mùráínà ò bèèrè. Ó kàn fọwọ́ họ orí tiẹ̀ náà.

"Ó kù ẹnì kan," ó ní. "Iléeṣẹ́ tó ṣe Alábahun, nígbà tí ọjà wọn kú, wọ́n fi gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù ṣe nǹkan míì kí wọ́n tó kógbá wọlé. Eyín kan náà, ẹnu kan náà. Ẹni tó ní in wà nítòsí, àyè sì pọ̀ nínú ẹ̀ bí ilẹ̀ bàbá arúgbó."

"Ta ni?"

"Wàá kọ́kọ́ bú mi."

"Bọ̀dá Mùráínà, ta ni?"

"Ewúrẹ́ Bàbá Ògúnjọ̀bí."

Ìbídùn bú u. Lẹ́yìn náà ó sáré.

Ẹ̀yìn ilé epo àtijọ́ ni Bàbá Ògúnjọ̀bí ń gbé. Kò sẹ́ni tó tún mọ irú epo tí wọ́n ń tà níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn àgbà ní mọ́tò ló ń mu ún, àwọn ọmọdé ní irọ́ ni, epo pupa ni, wọ́n ṣáà fẹ́ràn ẹ̀wà nígbà náà ni. Ìbídùn gba ibẹ̀ kọjá bí ìjì. Mùráínà ń sá tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé, "Owó ìmọ̀ràn mi ńkọ́? Ìgò yẹn! Ìmọ̀ràn kì í ṣe ọ̀fẹ́!" Ìbídùn tú ìgò oòrùn náà, ó jù ú sẹ́yìn láì bojú wo ibi tó balẹ̀.

Ewúrẹ́ ọ̀hún wà lábẹ́ igi ìṣin, ó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́. Ẹlẹ́rìí lorúkọ ẹ̀. Bí gbogbo ewúrẹ́ tó wà lábẹ́ òfin, ó ní ìdè ọrùn tó ń tọ́jú gbogbo ohun tó bá jẹ, gbogbo ohun tó bá rí, kí wọ́n lè gbé e dé kóòtù lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ní wọ́n jẹ iṣu òun. Ẹlẹ́rìí ti jẹ́rìí mú ẹran, ó ti jẹ́rìí mú èèyàn. Ó ti jẹ́rìí mú Bàbá Ògúnjọ̀bí fúnra ẹ̀, ọ̀ràn ata aládùúgbò. Bàbá ò bínú. Ó ní ilé tí òótọ́ wà, kò tíì bàjẹ́.

Ìbídùn wọlé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá lórí àga, ó gbá ìdè ọrùn ewúrẹ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ẹnu ẹ̀ wà.

Ìdè náà dún pà. Iná tó wà lára ẹ̀ kú.

"Mi ò gbọ́ ìkíni," ó ní. Ewúrẹ́ yí ìdí sí Ìbídùn.

Mùráínà dé ẹnu ọ̀nà, ó káwọ́ lórí. "Ó ti gbàgbé láti kí i! Yéè!"

"Ìwọ ọmọ yìí," Bàbá Ògúnjọ̀bí ní láti orí àga, "kí ló ń lé ẹ? O wọlé, o kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó, o wá ń fa àgbàlagbà lọ́rùn."

Ìkúnlẹ̀ ni Ìbídùn já sí. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ káalẹ́, sà. Ara mi ò balẹ̀ ni."

"Èmi ti gbà. Òun lo máa bẹ̀."

Ìbídùn wo ojú ọ̀run. Oòrùn ti pupa lẹ́yìn ilé epo. Ó yí orúnkún sí ewúrẹ́.

"Ẹ káalẹ́, mà."

Ewúrẹ́ ń jẹun lọ.

"Ẹ kú ìjẹun, mà. Ẹ kú ìsinmi. Ẹ kú... ẹ kú ìrù tẹ́ ẹ ń jù." Mùráínà rẹ́rìn-ín, Bàbá wò ó, ó gbé ẹ̀rín mì. "Ẹ kú ilé. Ẹ kú ẹ̀rí jíjẹ́. Ẹ má fi ṣe ìbínú, mà, ọmọ yín ni mí, àìfarabalẹ̀ ló fà á."

Iná tàn lọ́rùn ewúrẹ́, wínní.

"O o," ìdè náà ní. "Káàbọ̀. Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Màmá ẹ ńkọ́?"

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì. Ì báà jẹ́ pé ìyá ń ṣàìsàn, ì báà jẹ́ pé ìjà wà láàárín yín, "Wọ́n wà" lèèyàn á kọ́kọ́ sọ, kí ọ̀rọ̀ tó kù tó tẹ̀ lé e. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń bi í, ilẹ̀kùn ń bi í, fìtílà òpópónà ń bi í, ó sì ń sọ ọ́ láì rò ó. Lónìí, kò jáde.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Iná ìdè náà ń ṣẹ́jú. Wọn ò kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe sí irú ìdáhùn yẹn.

"Ọmọ mi," Bàbá ní jẹ́jẹ́, "fún un ní èyí tó mọ̀."

Ìbídùn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé ìka sókè. "Wọ́n wà," ó ní. "Wọ́n wà lókè."

"A dúpẹ́ o," ewúrẹ́ ní. Ìdè náà sì la ẹnu ẹ̀, eyín rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí ti Alábahun.

Ìgbà yẹn ni Bàbá tó bi í ohun tó fẹ́ fi sínú ẹran òun. Ìbídùn sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu ẹ̀: Òṣùpá, dòdò, àyè tí kò sí. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Ó yé ọ pé ohun tó bá wọ inú Ẹlẹ́rìí, kò ní jáde mọ́? Òfin kóòtù nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lè dà á kọ, ẹnikẹ́ni ò lè yọ ọ́. Òun nìkan ni á máa sọ ọ́, lọ́jọ́ tó bá wù ú, títí tó fi máa kú. Ohùn ìyá ẹ á wà lọ́rùn ewúrẹ́ ẹlòmíì."

"Ó sàn ju kó padà lọ sókè."

"Èmi náà ní tèmi." Bàbá wo ilẹ̀. "Àwọn ọmọ mi wà nísàlẹ̀ òkun, wọ́n ń kọ́lé fún ẹja, mi ò mọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ gidi ni. Ẹran yìí ló ń kí mi káàárọ̀. Òun nìkan. Bí ọ̀rọ̀ ìyá ẹ bá wá kún inú ẹ̀, tí kò rántí mi mọ́ ńkọ́?"

"Èmi á máa wá kí yín, Bàbá."

"Láràárọ̀?"

"Láràárọ̀."

"Ìlérí ọmọ òde òní," Bàbá ní. "Bí ìrì ló rí. Oòrùn tó bá..."

"Mo ti gbọ́ ọ," ìdè ọrùn ewúrẹ́ dá sí i. "Ìbídùn ní òun á máa wá láràárọ̀. Mo ti tọ́jú ẹ̀."

Bàbá wo ewúrẹ́, ó wo ọmọ, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, ó fẹ́ẹ̀ já a lọ́fun. "Ọ̀ràn dé bá ọ o! Èmi ni mo mọ ohun tí ojú mi rí lórí ata. So ó mọ́ ọn!"

Ìbídùn tú gèlè, ó so Alábahun mọ́ ìdè náà, ẹnu sí ẹnu. Ewúrẹ́ jẹ etí gèlè. Mùráínà di ìwo mú. Ní ìhà ìlà oòrùn, lókè òrùlé, nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan ti ń yọrí.

"Alábahun, gba ọ̀rọ̀ náà wọlé!"

"Ẹ kú ìkánjú o," Alábahun ní. "Ṣé kí n kọ́kọ́ kí..."

"GBÀ Á WỌLÉ!"

Nǹkan kùn bí oyin. Iná lọ, iná bọ̀. Òṣùpá yọ tán pátápátá, ó tóbi, ó yó, ó jókòó sórí òrùlé bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn. Alábahun dákẹ́. Ewúrẹ́ náà dákẹ́. Wọ́n dúró. Ẹlẹ́rìí tún já ewé ẹ̀gẹ́ kan, ó ń rún un.

"Wọ́n ti dá a padà," Ìbídùn ní.

"Àwẹ̀ró!"

Ọrùn ewúrẹ́ ni.

"Àwẹ̀ró ọmọ mi, o jí're bí? Ṣé wọ́n ti gbé e síbí? Kí n máa sọ̀rọ̀? Ẹ má fọwọ́ tì mí, mo ti ń sọ ọ́. Àwẹ̀ró. Àyè ò sí, ẹ̀yìn òṣùpá ni ilé ìdáná wa wà. Ohùn ń wọlé síbẹ̀, kì í jáde. Mò ń gbọ́ ẹ. Kò sí àárọ̀ tí mi ò gbọ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni wọ́n gbé mi wá síwájú, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ ju kí n dáhùn ọmọ mi. A kì í kí ni, ká má jẹ́ ẹ. Ó yá. Ti àárọ̀ tí mo lọ: o jí're, Àwẹ̀ró. Má sunkún mọ́. Ti àárọ̀ kejì: o jí're, adùn-ún-wò bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ti ọjọ́ tó o ní òjò wọlé: o kú òjò o, gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀. Ti ọjọ́ tó o ní eyín ẹ yọ: jù ú sórí òrùlé. O ti jù ú? O jí're. Ti ọjọ́ tó o bínú, tó o ní o ò ní kí mi mọ́, tó o wá padà kí mi lọ́sàn-án: o káàsán, ọmọ mi. O káàsán. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún sínú òróró, ó ta sí mi lọ́wọ́..."

Ìdí tó fi tóbi nìyẹn. Kò sí ìkíni kan tí ìyá ẹ̀ fò. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹlẹ́rìí ò sì dúró. Kí ló kan ewúrẹ́? Ó ti rí koríko tútù lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń lọ, ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ lọ́rùn ẹ̀, Ìbídùn sì ń fi orúnkún rìn tẹ̀ lé e nínú erùpẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà dúró. Wọ́n rí ọmọge tó ń kúnlẹ̀ tẹ̀ lé ewúrẹ́, tó ń sọ pé, "Ẹ ṣé, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti jù ú, mà." Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ohùn àgbà, ó ṣí fìlà.

Mùráínà ò bèèrè owó ìmọ̀ràn mọ́. Ó gbé ìgò oòrùn náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùn. Nígbà tí Bàbá wò ó, ó ní, "Mo fẹ́ kó fi ríran ni," ó yíjú síbòmíì.

"...Ti ọjọ́ tó o ní o ti ga ju ẹnu ọ̀nà lọ: máa tẹ̀ ba. Ti àná: o jí're. Àwẹ̀ró, wọ́n ń pè mí. Wọ́n á dá mi padà sẹ́yìn òṣùpá, mi ò sì mọ ìgbà tí wọ́n tún máa gbé mi wá síwájú. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ẹ dúró, ẹ má fà mí! Mo ti dáhùn èyí tó ń bọ̀ sílẹ̀, ó pọ̀, wọ́n wà nínú ibẹ̀, tó o bá ti kí mi láàárọ̀, wàá gbọ́ ọ. Máa kí mi. Ó kù kan. Àwẹ̀ró, ṣé o ti jẹun?"

Ewúrẹ́ dúró. Òfin ni: tí wọ́n bá bi èèyàn ní nǹkan, ẹ̀rọ á dúró de èsì.

Ìbídùn gbé ojú sókè. Òṣùpá ti kúrò lórí òrùlé, ó ti ń funfun. Kò mọ ibi tó máa wò, ṣé òṣùpá ni, àbí ojú ewúrẹ́ tí ewé ẹ̀gẹ́ rọ̀ lẹ́nu ẹ̀.

"Mo ti jẹun, mà," ó ní, ohùn ẹ̀ já. "Mo yó dáadáa. Ẹ má ṣèyọnu, màámi."

Iná pawọ́ dà lára ìdè náà. Ohùn ewúrẹ́ fúnra ẹ̀ ló jáde, gbígbẹ, bó ṣe máa ń rí ní kóòtù:

"Irọ́ ni. Ẹlẹ́rìí ò rí i kó jẹ nǹkan kan."

Mùráínà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, atẹ́gùn gba àlàfo eyín ẹ̀ jáde fíì, gbogbo ará ọjà bá a rín in. Ìbídùn náà rín in, bó ṣe jókòó sínú erùpẹ̀ yẹn, ẹkún àti ẹ̀rín ò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ gba ẹnu ẹ̀ jáde.

Bàbá Ògúnjọ̀bí ti wọlé. Ó gbé ẹ̀kọ jáde àti mọ́ínmọ́ín inú ewé, ó gbé e síwájú ọmọ náà lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó ti wọ ìwé ẹ̀rí," ó ní. "Kò sí bí wàá ṣe jà á mọ́. Jẹun, kí ìyá ẹ lè sùn."

Ìbídùn tú ewé mọ́ínmọ́ín náà. Ó ti tutù. Ó ya á, ó mú lọ sẹ́nu, ó wo ewúrẹ́ lójú kòró títí ó fi gbé e mì, ó tún ya òmíì.

"Ó ń jẹun," ìdè náà sọ, kò sọ ọ́ fún ẹnì kan pàtó. "Mo rí i. Mo ti tọ́jú ẹ̀."